Ewé Kérésì Tí Mo Kó Fún Ewúrẹ́ Ìyá Kuta

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ fún mi láyè kí n ro tẹnu mi lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá. Kò dùn ún sọ, ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí n tó kọ ọ́.

Tíṣà ni mí. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ìwó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ká máa da nǹkan nù. Èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, omi tí a fi ṣan ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ló níṣẹ́ tó ń ṣe nílé mi. Ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé tí òun bá fi lè jókòó pẹ́ jù, mo lè gbé òun náà sọ sínú kòtò ajílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe máa ń rí lásìkò Kérésì? Tiwa kì í kẹ̀rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ewé àti òdòdó lára fèrèsé àti lára fẹ́ńsì. Ó máa ń dára lójú. Ṣùgbọ́n tí ìsìn ọdún tuntun bá ti parí, wọ́n á gé gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, wọ́n á kó o sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ṣáná sí i. Nínú ọyẹ́! Èéfín á bo gbogbo àdúgbò, èyí tí kò bá jóná á lọ dí gọ́tà.

Ní ọdún yẹn, mo dìde níbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní kò sí nǹkan kan nínú ohun tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ náà tí kò wúlò. A lè ha imọ̀ fún ìgbálẹ̀. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ á di ajílẹ̀. Ewé á di oúnjẹ ẹran. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ní ọjọ́ ọdún tuntun, Pásítọ̀ kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, wọ́n ní kí àwọn yòókù fi mí ṣe àwòkọ́ṣe.

Orí mi wú. Ta ni orí rẹ̀ ò ní wú?

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, obìnrin bíi mẹ́fà ló wá bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ha imọ̀, a di ìgbálẹ̀ tó pọ̀. A gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sínú kòtò. Àwọn òdòdó inú ike, a pín in láàárín ara wa. Nígbà tó di ọ̀sán, nǹkan kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀, òkìtì ewé tí àwọn ọ̀dọ́ so mọ́ fèrèsé.

Ẹ mọ ewé náà. Bóyá ó wà níwájú ilé yín bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán. Òdòdó rẹ̀ dà bí agogo kékeré, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Tí ẹ bá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, omi funfun á máa jáde bíi wàrà. Àwọn èèyàn máa ń gbìn ín yí ilé ká dípò fẹ́ńsì. Gbogbo àwọn tí mo bi nípa orúkọ rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún mi: fúláwà yẹ́lò.

Ewé ọ̀hún ti rọ, ọyẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ ẹ́. Mo wò ó, mo rò ó pé ewé ni gbogbo ewé ń jẹ́. Ni mo bá rántí Ìyá Kuta.

Ilé Ìyá Kuta kọjú sí tiwa. Kuta ni wọ́n bí wọn sí, Ìwó ni wọ́n lọ́kọ sí, orúkọ ìlú wọn ló sì mọ́ wọn lára. Ọkọ wọn ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, Ràfíù, Ìbàdàn ló ń gbé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Tí a bá ṣe Kérésì, màá gbé ìrẹsì fún wọn. Tó bá di Iléyá, wọ́n á gbé ẹran fún mi. Ewúrẹ́ méje ni wọ́n ń sìn: òbúkọ kan, abo mẹ́rin, àti ọmọ méjì tó ṣì ń mu ọmú. Wọ́n máa ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Èyí tó lóyún nínú àwọn abo náà, Àlùbáríkà ni wọ́n sọ ọ́.

Nígbà ọyẹ́, gbogbo koríko àdúgbò ló máa ń gbẹ. Ìyá á máa rìn jìnnà kí wọ́n tó rí ewé gé, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn wọ́n. Mo di ewé náà kún inú bárò, mo tì í lọ sílé wọn.

"Tíṣà, kí lo tì wá yìí?"

Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní ọdún ẹran wọn ni mo gbé wá.

Wọ́n mú ẹ̀ka kan, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀. "Ewé kí ni?"

"Ewé ṣọ́ọ̀ṣì ni mà. Èyí tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ ọdún."

"Mo rí i pé ewé ni. Ṣé ẹran ń jẹ ẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹran wo ni kì í jẹ ewé?

A da díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ sáré wá, ebi ń pa wọ́n. Àlùbáríkà ló kọ́kọ́ fi imú kàn án. Ó sín, ó fà sẹ́yìn. Òbúkọ náà gbọ́ òórùn rẹ̀, ó yí orí padà. Kò sí èyí tó jẹ ẹ́ nínú wọn.

Ìyá Kuta ní, "Wọn ò fẹ́ ẹ. Ẹran mọ ohun tó ń jẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ yẹn ló yẹ kí n ti yí bárò mi padà. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní gbígbẹ tó gbẹ ni kò jẹ́ kó dùn lẹ́nu wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi mú àdá àti iyọ̀ wá. Mo gé ewé náà wẹ́wẹ́, mo pò ó mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ nínú bàsíà, mo bu omi iyọ̀ wọ́n ọn. Bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nìyẹn, pé iyọ̀ ń jẹ́ kí ẹran gba koríko gbígbẹ.

Wọ́n sì jẹ ẹ́. Gbogbo àgbà márààrún rọ́ lu bàsíà náà, àwọn ọmọ méjì ń ta kìtì kiri. Ìyá Kuta gbàdúrà fún mi títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n rí ìdààmú ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, mò ń wé gèlè lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìyá. Kì í ṣe igbe ni wọ́n ń ké. Orúkọ mi ni wọ́n kàn ń pè léraléra, bí ẹni pé wọn ò mọ ohun mìíràn tí wọ́n lè pè.

Mo sáré jáde. Àlùbáríkà àti abo kan ti nà sílẹ̀, wọ́n ti le gbagidi, ìfóòfó wà lẹ́nu wọn. Abo kẹta dúró, ó ya ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mi ò rí irú ojú tí ẹran náà fi ń wò wá rí.

Ìyá ní ká wá ẹni tó máa pa èyí kíákíá kó tó di òkúǹbete. Ọ̀kan nínú àwọn ará mọ́ṣáláṣí wá dú u. Wọ́n bó o, wọ́n kun ún, Ìyá sì pín ẹran náà fún ilé méje tó yí wọn ká. Wọ́n kó ìfun àti ẹ̀dọ̀ pa mọ́ fún ara wọn. Itan ni wọ́n fún èmi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo tọ́jú wọn lánàá, ìwọ ló tọ́ sí."

Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo gbé e sínú fíríìjì, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tí mo máa fi dé, gbogbo àdúgbò ti mọ ẹni tó pa ẹran. Wọ́n ní Bàbá Délé ni.

Bàbá Délé ni kápẹ́ńtà tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìyá Kuta. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ewúrẹ́ yìí ti jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Thursday tó ṣáájú, wọ́n dúró síta pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, wọ́n sọ ọ́ létí gbogbo wa pé, "Ìyá, ẹ so ẹran yín mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá ṣe wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má bi mí o." Ẹnìkan tún rántí pé òun rí wọn lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ń da nǹkan sí gọ́tà. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, òògùn ikán kì í wọ́n níbẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ wádìí?

Ẹ lè máa bi ara yín pé ṣé ewé mi ò wá sí mi lọ́kàn. Kò wá. Kódà, nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo fi tèmi kún un. Mo ní ọjọ́ pẹ́ tí ojú Bàbá Délé ti le sí àwọn ẹran yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, òbúkọ ṣubú. Kó tó di àkókò ìrun mọ̀gàríbà, èyí tó kù nínú àwọn abo tẹ̀lé e. Ìyá Kuta tẹ Ràfíù láago ní Ìbàdàn. Ràfíù ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Monday la wọlé sáà tuntun. Kí n tó jáde, mo sọ fún ọmọ mi, Ìfẹ́, tó wà nílé tó ń retí yunifásítì, pé kó se itan ẹran inú fíríìjì kí n tó dé. Mo wá yà kí Ìyá Kuta. Agogo méje àárọ̀ ni.

Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilé ẹran. Àwọn ọmọ ewúrẹ́ méjì ń ké, wọ́n ń wá ìyá wọn. Ara wọn le. Ọ̀kan ń fo lé ẹsẹ̀ Ìyá.

Mo dúró, mo ń wò wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ẹran méje. Márùn-ún kú, méjì yè. Tó bá jẹ́ pé ẹnìkan da òògùn ikán sílẹ̀, ṣé kò ní kan àwọn ọmọ tó ń fẹnu kan gbogbo nǹkan? Kí ni àwọn márùn-ún jẹ tí àwọn méjì ò jẹ? Ìbéèrè tí mò ń bi àwọn ọmọ kíláàsì mi nìyẹn. Wàrà ni àwọn méjì yìí ń mu. Wọn ò tíì mọ ewé jẹ.

Bàsíà yẹn ṣì wà nílẹ̀, ewé díẹ̀ kù sí ìdí rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mú ẹyọ ewé kan tí àdá ò gé sínú báàgì mi. Mo wá gbé ìgbálẹ̀, mo gbá ìyókù jọ, mo ní ẹ jẹ́ kí n bá yín tún ibí ṣe, Ìyá. Mo dà á sínú bárò mi, mo tì í padà sí ẹ̀yìnkùlé wa. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ṣàlàyé. Ó ní ewé wo ló ń pa ewúrẹ́? Ó ní kí n má tíì sọ nǹkan kan, pé tí mo bá la ẹnu, kò sí bí n ṣe máa pa á dé mọ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì máa fi orúkọ mi ṣe àpẹẹrẹ mìíràn ni? Ó ní kí n dúró wò ó ná.

Mi ò ní di ẹ̀bi rù ú. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ.

Ní ilé ìwé, mi ò mọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà ìsinmi, mo ya fọ́tò ewé náà, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin kan tí a jọ kàwé, tó ti di dókítà ẹran, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-Ogbó. Mi ò sọ ìdí. Mo kàn ní kó bá mi wò ó bóyá ẹran ń jẹ ẹ́. Oko ló wà, kò tètè rí i. Àwọn ọmọ ti jáde, mò ń kó ìwé mi jọ, kó tó pè mí. Kò kí mi.

"Níbo lo ti rí ewé yìí?"

Mo ní kí ló dé?

"Májèlé ni. Ewé rẹ̀, òdòdó rẹ̀, èso rẹ̀, omi ara rẹ̀. Ọkàn ló máa ń bá jà. Ẹran kì í sábà jẹ ẹ́ tó bá tutù, torí ó korò. Tó bá gbẹ, tí wọ́n fi nǹkan bo ìkorò rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọn ò ní mọ̀. Ta ló jẹ ẹ́?"

Mo ní ewúrẹ́ ni. Mo ní márùn-ún.

Ó wá rọra béèrè pé, "Ẹ ò jẹ ẹran wọn, àbí?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, láti àárọ̀ yẹn tí mo ti ń ro ewé, tí mo ń ro orúkọ mi, orí mi ò dé ibi ẹran rárá. Ìfẹ́. Mo ti ní kí Ìfẹ́ se é.

Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é lórí ọ̀kadà, kò gbé e. Mo ń bẹ ọlọ́kadà kó sáré, ó ń sọ pé màámi, ọ̀nà ò dáa. Nígbà tí mo já wọ ilé, òórùn ọbẹ̀ ló pàdé mi. Fóònù rẹ̀ wà lára iná, ó ń gba chájì. Ìfẹ́ dúró ti ìkòkò, ó fi ṣíbí tọ́ omi ọbẹ̀ wò.

Mo gba ṣíbí, mo sọ ìkòkò náà kalẹ̀ lórí iná bó ṣe ń hó, mo gbé e síta. Ó rò pé mo ya wèrè ni. Mo béèrè pé ṣíbí mélòó? Ó ní ẹyọ kan, màámi, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo ní kó fi omi fọ ẹnu, kó jókòó, kó máa pè mí tí ara rẹ̀ bá yí padà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti ilé dé ilé. Mi ò ní àyè láti ṣètò ọ̀rọ̀ mọ́. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ pé ẹ má jẹ ẹran náà, ewé tí mo fún wọn ló pa wọ́n, èmi ni, ẹ dà á nù. Àwọn kan ò tíì sè é. Ilé méjì ti jẹ ẹ́. Obìnrin kan sọ fún mi pé inú ti ń run òun láti àná, òun rò pé ata ni. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Mo ní kó dìde, kó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo gbọ́ ariwo láti ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà.

Ràfíù ti dé. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́rin tẹ̀lé e. Wọ́n ti fọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti wọ́ wọ́dúróòbù tuntun kan sí títì, dígí rẹ̀ ti fọ́ sílẹ̀. Bàbá Délé jókòó sórí ìyẹ̀pẹ̀ láàárín wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti iwájú orí wọn wá sára síńgílẹ́ẹ̀tì. Wọn ò jà, wọn ò bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń tún sọ: "Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹran."

Àwọn èèyàn tí wọ́n dúró tì wọ́n, èèyàn àdúgbò wa ni. Àwọn tí èmi pẹ̀lú wọn jọ sọ̀rọ̀ lánàá ni.

Mo kúnlẹ̀ sínú dígí fífọ́ náà. "Ràfíù, èmi ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni mo fún ẹran Ìyá ní ewé tó pa wọ́n. Mi ò mọ̀ pé májèlé ni."

Ràfíù wò mí. "Ẹ̀yin, Tíṣà?"

Mo ní èmi ni. Mo wá bi í pé Ìyá ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ nínú ẹran náà?

Ó ní wọ́n se ìfun àti ẹ̀dọ̀ lọ́sàn-án. Ó ní wọ́n bu fún òun náà, òun ní kí òun kọ́kọ́ parí èyí ná.

Gbogbo wa ló sáré.

Ìyá Kuta wà lórí ẹní, wọ́n ti bì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ara wọn tutù. Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n ní, "Tíṣà, kí ló dé tí gbogbo yín pọ́n bí ìyeyè báyìí?"

Mo di ọrùn ọwọ́ wọn mú. Ó lù, ó dúró, ó tún lù, bí ẹni tó ń gbàgbé ohun tó fẹ́ ṣe.

Ọ̀kadà ò lè gbé wọn. Ràfíù ń pariwo kí ẹnìkan wá mọ́tò. Nígbà náà ni mo rí Bàbá Délé lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi àkísà di orí. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó pákó wà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ gbé wọn."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa gbé Ìyá sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, Bàbá Délé wà á. Ràfíù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níwájú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti iwájú orí Bàbá Délé sórí sítíárìn, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, wọ́n ń wakọ̀ lọ.

Dókítà gba ewé náà lọ́wọ́ mi, ó ní ó ṣe wá lóore pé mo mú un wá. Ó béèrè ìgbà tí Ìyá jẹun. Ràfíù ní ní nǹkan bí agogo méjìlá. Dókítà ní ìfun ẹran tó jẹ irú ewé yẹn burú ju ẹran ara rẹ̀ lọ. Ó ní májèlé náà ló ń jẹ́ kí Ìyá máa rí gbogbo wa ní pípọ́n, pé ká máa gbàdúrà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá lò níbẹ̀. Wọn ò kú, a dúpẹ́. Ẹnikẹ́ni ò kú. Ìfẹ́ ò ní nǹkan kan, àwọn ilé tó jẹ ẹran bọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé Ọlọ́run yọ mí.

Ní ọjọ́ kẹfà, èmi àti Ìyá nìkan la wà nínú yàrá. Mò ń bó ọsàn fún wọn. Wọ́n ní kí n fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tíṣà, láàárọ̀ Monday yẹn tí o gbálẹ̀ ilé ẹran fún mi. Ṣé o ti mọ̀?"

Mi ò lè purọ́ mọ́. Mo ní mo fura, mà.

"O fura, o wá gbé e lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Wọ́n yí ojú sí ògiri. Mò ń sunkún, wọn ò ní kí n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu. Mo gbé omi, mo gbé orí wọn sókè, wọ́n mu ún. Títí di òní, wọn ò tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ń dá mi lóhùn tí mo bá kí wọn. Mo ra abo ewúrẹ́ méjì lọ fún wọn, wọ́n ní kí n mú un padà, àwọn ò sin ẹran mọ́. Wọ́n ti fún ẹnìkan ní Kuta ní àwọn ọmọ méjì tó kù.

Bàbá Délé ńkọ́? Wọ́n rán orí wọn. Ràfíù dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi náà kúnlẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Kó tó di Àjíǹde, wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n kó lọ sí Olúpọ̀nnà. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, mo lọ bá wọn. Wọ́n ní kì í ṣe Ràfíù ni àwọn ń sá fún. Wọ́n ní ogún ọdún ni àwọn fi bá wa gbé, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó sọ pé ká kọ́kọ́ bi àwọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ má lo ohun ọ̀ṣọ́ ọdún mọ́ lẹ́yìn ọdún. Ní Kérésì tó kọjá, a ṣì ha imọ̀ fún ìgbálẹ̀, ajílẹ̀ wa ṣì dára. Ṣùgbọ́n a hú gbogbo fúláwà yẹ́lò tó yí ṣọ́ọ̀ṣì ká, a sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ mú ewé wá ṣe ọ̀ṣọ́, ó gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe. Ẹ má fún ẹran ní ewé tí ẹ ò mọ̀. Tí ẹran bá kọ̀ ọ́, ẹ má bá a jiyàn.

Èyí jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ló ń jí mi lójú oorun. Agogo méje ni mo fura, agogo méjìlá ni Ìyá jẹun. Àìmọ̀ ló pa ẹran. Àmọ́ wákàtí márùn-ún yẹn, mo mọ̀. Ìtìjú ni mo ń sá fún, orí Bàbá Délé àti ọkàn Ìyá ló sì san án.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ewé wo ló wà láyìíká yín tó ti ṣe ẹran tàbí èèyàn ní jàǹbá rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹlòmíràn lè rí i kó tó pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ohun kan wà tí ẹ mọ̀, tí ẹnìkan ń jìyà rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí torí pé ẹ ò tíì sọ ọ́, ẹ má kọ ìyẹn síbí. Ẹ gbé fóònù yìí sílẹ̀, kí ẹ dìde lọ bá onítọ̀hún.